Ìgbéraga àti Ẹ̀bùn Tí A Fi Ń Sin Ọlọ́run: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Akọrin ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí jù, ṣùgbọ́n oníwàásù, olùkọ́, onídùùrù àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn náà ń béèrè wọn. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí là ń pè ní ìgbéraga nínú iṣẹ́ ìsìn?

Kí ènìyàn gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó wá máa ṣe bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀, ìgbéraga nìyẹn. Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì léèrè pé kí ni wọ́n ní tí wọn kò gbà, bí wọ́n bá sì gbà á, kí ló dé tí wọ́n ń ṣògo bí ẹni tí kò gbà nǹkan kan (1 Kọ́ríńtì 4:7)? Ìjọ tó kọ̀wé sí yìí kò ṣaláìní ẹ̀bùn kankan. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní orí kìíní lẹ́tà náà. Síbẹ̀ ìjà ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ló kún inú ìjọ náà: èyí ní ti Pọ́ọ̀lù ni òun, ìyẹn ní ti Àpólò ni òun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn kò lè ní kí ìgbéraga má wọlé.

Kì í sì í pariwo bó bá ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ ló fi ń bẹ̀rẹ̀: “Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni ìbá ṣe é?”

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí inú mi bá dùn pé mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa?

Rárá o. Ọlọ́run wo gbogbo ohun tó dá, ó sì rí i pé dáadáa ni (Jẹ́nẹ́sísì 1:31). Pọ́ọ̀lù ní kí olúkúlùkù yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nígbà náà ni yóò ní ìdí láti yọ̀ nípa ti ara rẹ̀, láìfi ti ẹlòmíràn ṣe (Gálátíà 6:4). Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dì mú. Ayọ̀ tó dára kò nílò kí ẹnikẹ́ni wà nísàlẹ̀ yín kó tó dùn.

Ẹ wo Farisí tó lọ gbàdúrà nínú tẹ́ńpìlì (Lúùkù 18:9-14). Ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀! Ó dárúkọ Ọlọ́run, ó dúpẹ́, ó ka iṣẹ́ rere tó ṣe lóòótọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára agbowó-orí tó dúró lókèèrè, ohun tí kò jọ ti ọkùnrin yẹn ló sì ń dúpẹ́ lé lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá kọrin tán tí inú yín dùn, ẹ bi ara yín bóyá ayọ̀ náà yóò ṣì wà bí ẹni tó kọ tẹ̀ lé yín bá ṣe é dáadáa bíi tiyín.

Ṣé àwọn tó ń dúró níwájú ìjọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Gbogbo wa ló kàn. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ lè máa fi ìgbálẹ̀ gbéraga, kó máa rò lọ́kàn pé òun lòun ń ṣiṣẹ́ gidi, àṣehàn ni tàwọn tó di máíkì mú. Ẹni tó ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ lè máa wo àwọn tí kò tètè jí bí ẹni tí kò mọ Ọlọ́run. Àwọn tó wà níwájú kàn ń rí ìdánwò náà léraléra ni, nítorí ojú púpọ̀ ló ń wò wọ́n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìgbéraga ti ń wọ inú iṣẹ́ mi?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò ni bí ènìyàn ṣe ń gba àtúnṣe. Bí aṣáájú akọrin bá ní ohùn yín kò bá ti àwọn yòókù mu ní ẹsẹ kejì, tí ẹ sì gbé e sọ́kàn títí di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti orin. Ohun kan ti di tiyín tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí kò kàn yín. Ṣé ẹ máa ń kọrin láti orí ìjókòó nígbà tí ẹlòmíràn bá ń darí, àbí ẹnu yín máa ń dákẹ́ tí etí yín á máa wá àṣìṣe? Bí ẹ bá ti wàásù tán, ṣé ẹ lè jókòó gbọ́ ìwàásù ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí ẹ sì rí nǹkan mú lọ sílé? Àwọn oníwàásù kan wà tí wọn kò tíì gbọ́ ìwàásù fún ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń gbọ́ ọ bí adájọ́ tó ń fún ni ní máàkì.

Àdúrà tún ń tú àṣírí. Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù bà yín, ẹ sì bẹ Ọlọ́run kí ẹ tó dìde. Bí ó bá ti di pé ẹ kò rántí bẹ̀ ẹ́ mọ́, tí ìrírí ti gba ipò àdúrà, a jẹ́ pé ẹ ti ń gbára lé ẹ̀bùn náà ju Ẹni tó fún yín lọ. Bákan náà, ẹ fetí sí ẹnu ara yín: “Ẹgbẹ́ akọrin mi.” “Láti ìgbà tí mo ti dé ni nǹkan ti yí padà.” “Wọn ò lè rí irú mi.” Ènìyàn lè má mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín gbé.

Kí ni kí n sọ bí wọ́n bá yìn mí?

“Ẹ ṣé gan-an, inú mi dùn pé ó ràn yín lọ́wọ́.” Ó tó. Ẹni tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ń ṣe ohun tó tọ́, ẹ má fìyà jẹ ẹ́ fún un. Bí ẹ bá ní “Háà, kò dùn o, ohùn mi ti ha lónìí,” nígbà tí ẹ mọ̀ pé ó dùn, ẹ ti purọ́, ẹ sì ti jẹ́ kó di dandan fún un láti yìn yín lẹ́ẹ̀kejì.

Òwe 27:21 fi ìyìn wé iná tí wọ́n fi ń dán wúrà àti fàdákà wò. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Èébú kì í sábà fi ohun tó wà nínú wa hàn tó bí ìyìn ṣe ń fi í hàn. Nítorí náà, iṣẹ́ gidi wà lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn yín tán: kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé ìyìn ọ̀hún lọ bá Ọlọ́run, ẹ dárúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyìn àti ìjọsìn ṣá o. Nígbà tí arọ ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì rìn, tí àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ Pétérù àti Jòhánù, Pétérù bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni pé agbára tiwọn ni (Ìṣe 3:12). Nígbà tí àwọn ará Lísírà fẹ́ rúbọ sí Bánábà àti Pọ́ọ̀lù, aṣọ ni àwọn àpọ́sítélì náà fà ya (Ìṣe 14:14). Hẹ́rọ́dù ní tirẹ̀ gbọ́ tí wọ́n ń kígbe pé ohùn ọlọ́run ni, ó dákẹ́, ó gbà á (Ìṣe 12:22-23). Bí àwọn ènìyàn bá ti ń sọ pé láìsí ẹ̀yin àwọn kò lè gbọ́ ti Ọlọ́run, ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ṣé kò wá ní sàn kí n kúkú fi ẹ̀bùn mi pamọ́ kí n má bàa gbéraga?

Nínú òwe tí Jésù pa, ẹni tó gba tálẹ́ńtì kan, ìyẹn owó tí ọ̀gá rẹ̀ fún un láti fi ṣòwò, náà rò ó bẹ́ẹ̀ (Mátíù 25:24-30). Ó rì í mọ́lẹ̀, ó sì padà gbé e wá bó ṣe gbà á. Ọ̀gá rẹ̀ kò yìn ín pé ó ṣọ́ra. Ẹ sì wo ẹni tó gba márùn-ún àti ẹni tó gba méjì: ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá wọn sọ fún àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè wọn kò dọ́gba.

Fífi ẹ̀bùn pamọ́ kì í pa ìgbéraga. Ó lè jẹ́ ìgbéraga gan-an ló wà nídìí rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ènìyàn pé bí òun bá ṣe é tí kò dára, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Pétérù sọ pé bí olúkúlùkù ti gba ẹ̀bùn ni kó máa fi ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn yòókù (1 Pétérù 4:10). Bí ẹ bá fi tiyín pamọ́, ohun ẹlòmíràn lẹ fi pamọ́ yẹn.

Ṣé ìgbéraga ni kí n máa ṣe ìdánrawò púpọ̀ kí orin tàbí ìwàásù mi lè dán mọ́rán?

Rárá. Orin Dáfídì 33:3 ní kí a lu ohun èlò orin dáadáa. Àwọn tí Dáfídì yà sọ́tọ̀ fún orin nínú ilé Olúwa jẹ́ 288, gbogbo wọn sì ni a kọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n (1 Kíróníkà 25:7). Ìwà àìbìkítà kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù: ìbò ni wọ́n ṣẹ́ láti pín iṣẹ́, kékeré bí àgbà, olùkọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá nínú orin kò lè tìtorí pé òun jẹ́ ọ̀gá kó yan ọjọ́ tó wù ú.

Àwọn àṣà wo ló ń ranni lọ́wọ́?

Ẹ wá iṣẹ́ kan tí kò sí ẹni tó máa rí i, kí ẹ sì máa ṣe é déédéé: títo àga, gbígbé ẹ̀rọ, bíbẹ aláìsàn wò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe bí a bá ń ṣàánú (Mátíù 6:3). Òun fúnra rẹ̀ bu omi, ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Jòhánù 13:3 sì sọ pé ó mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́ kó tó dìde ṣe é. Ó mọ irú ẹni tí òun jẹ́, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kò fi dín in kù. Púpọ̀ nínú ìgbéraga wa ló jẹ́ pé a kò ní ìdánilójú yẹn, a wá ń fi àtẹ́wọ́ wá a.

Ẹ kọ́ ẹlòmíràn. Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bẹ́sálẹ́lì kó lè fi wúrà, fàdákà, òkúta àti igi ṣe ọnà sí àgọ́ ìpàdé, ó sì tún fi í sí òun àti Òhólíábù lọ́kàn láti máa kọ́ni (Ẹ́kísódù 35:30-35). Ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo ohun tó mọ̀, tí kò fi àṣírí kan pamọ́ kí wọ́n lè máa wá òun, ó ti ń bá ìgbéraga jà láìsọ̀rọ̀.

Ẹ máa dárúkọ àwọn tó ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ orúkọ ló wà ní Róòmù orí 16, títí kan Tértíù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ (ẹsẹ 22). Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, Tértíù sì ráyè kí àwọn ará. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Lẹ́yìn orin kan tó dùn, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó tẹ dùùrù àti ẹni tó tún ohùn ẹ̀rọ ṣe wà níbẹ̀.

Kí ẹnì kan sì wà tó láṣẹ láti sọ òótọ́ fún yín, tí kò bẹ̀rù yín, tí kò sì fẹ́ nǹkan gbà lọ́wọ́ yín. Ọba Dáfídì ní wòlíì Nátánì tó ń sọ òótọ́ fún un. Àwọn mìíràn ní àmì kékeré tí wọ́n fi ń rán ara wọn létí: olórin Jámánì nì, Johann Sebastian Bach, máa ń kọ S.D.G. sí òpin ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí pé ti Ọlọ́run nìkan ni ògo. Àmì kò lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ó lè dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kí ènìyàn fi ronú.

Wọ́n bá mi wí nípa iṣẹ́ mi, ó sì dùn mí gan-an. Ṣé ìgbéraga ni?

Dídùn nìkan kọ́. Ìbáwí máa ń dun gbogbo ènìyàn, Hébérù 12:11 sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn ìgbà tó dùn yín ló ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn.

Ọba Ùsíyà jọba nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì lo ọdún 52 lórí ìtẹ́. Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí ó fi lágbára, ṣùgbọ́n nígbà tó lágbára tán ni ọkàn rẹ̀ ga (2 Kíróníkà 26). Ó wọ tẹ́ńpìlì lọ sun tùràrí, iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Asaráyà olórí àlùfáà àti 80 àlùfáà tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì sọ fún un pé kó jáde. Ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ṣì wà ní ṣíṣí lákòókò yẹn. Ó bínú. Ìgbà tó ń bínú sí àwọn àlùfáà náà, tí àwo tùràrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀.

Ẹ wá wo Àpólò (Ìṣe 18:24-26). Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, ó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú, ṣùgbọ́n ìtẹ̀bọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Tọkọtaya tó ń pa àgọ́, Àkúílà àti Pírísílà, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú un sọ́dọ̀ láti là á yé e dáadáa. Bíbélì kò sọ pé ó jiyàn. Ohun tí a rí ni pé àwọn ará kọ̀wé kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbà á, ó sì wúlò púpọ̀ fún ìjọ. Ọgbọ́n àwọn tọkọtaya náà tún wà níbẹ̀: wọn kò dìde já a níwájú gbogbo ènìyàn. Bí ẹni tó bá yín wí bá ṣe é ní gbangba, àbùkù ìyẹn wà lọ́rùn tirẹ̀. Ẹ ṣì lè ṣa òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ti dé tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ni kí n ṣe pẹ̀lú ohun tí mo ń rò lọ́kàn?

Ẹ kọ́kọ́ pè é lórúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run: ìlara. Orin kan ló ba ọkàn Sọ́ọ̀lù jẹ́. Àwọn obìnrin kọrin pé ó pa ẹgbẹ̀rún tirẹ̀, Dáfídì sì pa ẹgbàárùn-ún tirẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń fi ojú burúkú wo Dáfídì (1 Sámúẹ́lì 18:7-9). Bẹ́ẹ̀ Gòláyátì tí Dáfídì pa, ọ̀tá Sọ́ọ̀lù ni! Ìṣẹ́gun náà ti àwọn méjèèjì ni, ṣùgbọ́n Sọ́ọ̀lù kò lè jẹ adùn rẹ̀ mọ́.

Bánábà ni mo fẹ́ kí ẹ máa wò. Òun ló lọ sí Tásọ́sì láti wá Sọ́ọ̀lù tó di Pọ́ọ̀lù, tó mú un wá sí Áńtíókù (Ìṣe 11:25-26). Nígbà tí wọ́n rán wọn lọ sí ìrìn àjò, orúkọ Bánábà ló ṣáájú. Kó tó di ìparí orí 13, Pọ́ọ̀lù ti ń ṣáájú. Bánábà kò padà sílé nítorí ìyẹn. Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá fi ẹjọ́ sùn pé ọ̀dọ̀ Jésù ni gbogbo ènìyàn ń lọ, dáhùn pé ènìyàn kò lè rí ohun kan gbà bí kò ṣe pé a fi fún un láti ọ̀run (Jòhánù 3:27).

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe: ẹ gbàdúrà fún onítọ̀hún lórúkọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí sí rere. Ẹ fi ẹnu ara yín yìn ín lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti ní gbọ́. Yóò kọ́kọ́ nira bí ẹni gbé òkúta mì. Ẹ tún un ṣe.

Ọdún ti gorí ọdún, wọn kò fún mi láyè. Ṣé ìgbéraga ni bí mo bá ń fẹ́ kí wọ́n lò mí?

Fífẹ́ láti wúlò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn aṣáájú lẹ́ẹ̀kan, ní tààrà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ ni ìkorò, nítorí ìgbéraga ẹni tí wọn kò rí le ju ti ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà mìíràn: ó máa ń wọ aṣọ ẹni tí wọ́n ń ni lára.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan rọ́pò Júdásì, àwọn méjì ni wọ́n dárúkọ, Jósẹ́fù tí à ń pè ní Básábà àti Mátíásì. Ìbò mú Mátíásì (Ìṣe 1:23-26). Básábà náà ti ń tẹ̀ lé Jésù láti ìgbà ìtẹ̀bọmi Jòhánù, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹnì kejì. A kò tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe mọ ti Mátíásì.

Ṣé ó burú kí n gbé fídíò orin tàbí ìwàásù mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Kò burú. Jésù ní kí ìmọ́lẹ̀ wa mọ́lẹ̀ níwájú ènìyàn kí wọ́n lè yin Baba (Mátíù 5:16), ó sì kìlọ̀ nínú ìwàásù kan náà pé kí a má ṣe iṣẹ́ òdodo wa nítorí kí ènìyàn lè rí wa (Mátíù 6:1). Ohun kan náà ni ojú ń rí nínú méjèèjì. Ìdí tí a fi ṣe é ló yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ tán, kí ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ẹni tó ń padà lọ wo iye àwọn tó wò ó ní wákàtí wákàtí ti gbé ọkàn rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù rán jáde padà dé pẹ̀lú ayọ̀ pé àwọn ẹ̀mí èṣù ń tẹrí ba fún wọn, Jésù ní kí wọ́n má yọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n yọ̀ pé a kọ orúkọ wọn sí ọ̀run (Lúùkù 10:20). Àbájáde iṣẹ́ lè dára lónìí kó má dára lọ́la. Èyí tó ní kí wọ́n yọ̀ sí kò lọ sókè sódò.

Ẹ̀bùn mi ń ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn ń rí ìbùkún. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn mi dára nìyẹn?

Ìbéèrè tó léwu jù nínú gbogbo wọn nìyí. Ní Mẹ́ríbà, nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, Ọlọ́run ní kí Mósè sọ̀rọ̀ sí àpáta kó lè mú omi jáde. Mósè fi ìbínú bi àwọn ènìyàn pé ṣé kí àwọn mú omi jáde fún wọn ni, ó sì fi ọ̀pá lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì (Númérì 20:10-12). Omi jáde, ó sì pọ̀. Ènìyàn mu, ẹran mu. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sọ pé ìsìn ọjọ́ náà kẹ́sẹ járí. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọlọ́run sọ fún un pé kò ní dé ilẹ̀ ìlérí, nítorí kò yà á sí mímọ́ lójú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì.

Òùngbẹ àwọn ènìyàn ni Ọlọ́run dá lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe títí di òní: ó lè bù kún ìjọ látẹnu ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń bá wí. Jésù ní àwọn kan yóò sọ lọ́jọ́ ìdájọ́ pé àwọn sọ tẹ́lẹ̀, àwọn lé ẹ̀mí èṣù jáde, òun yóò sì dá wọn lóhùn pé òun kò mọ̀ wọ́n rí (Mátíù 7:22-23). Èso Ẹ̀mí ni kí ẹ fi yẹ ọkàn wò: ìfẹ́, sùúrù, ìwà tútù. Ẹ bi àwọn ará ilé yín bóyá wọ́n rí i.

Kí ni àwọn aṣáájú lè ṣe kí wọ́n má bàa ti ẹlẹ́bùn sínú ìgbéraga?

Kí wọ́n má kánjú. Pọ́ọ̀lù kọ̀ kí ẹni tuntun nínú ìgbàgbọ́ di alábòójútó, kó má bàa gbéraga kó sì bọ́ sínú ẹ̀bi èṣù (1 Tímótì 3:6). Ohùn dídùn kì í ṣe ìdàgbàsókè. Kí wọ́n pín iṣẹ́ káàkiri, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má gbójú fo ìwà burúkú nítorí pé ẹni náà mọ orin. Bí ìjọ bá ń sọ pé “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè tẹ dùùrù,” a ti ka dùùrù sí pàtàkì ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ká kọrin láìsí dùùrù fún ìgbà díẹ̀ sàn ju kí arákùnrin wa ṣègbé lórí rẹ̀. Gídíónì ní 32,000 ọmọ ogun, Ọlọ́run sì dín wọn kù di 300 kí Ísírẹ́lì má bàa sọ pé ọwọ́ ara òun ló gba òun là (Onídàájọ́ 7:2-7). Kò bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn kò ní tó.

Mo ti rí i pé ìgbéraga wà lọ́kàn mi lóòótọ́. Ṣé kí n dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró?

Ó sinmi lórí ibi tó dé. Bó bá jẹ́ èrò tí ẹ ń bá jà, tó ń dùn yín pé ó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí a bá ní kí ọkàn wa mọ́ délẹ̀délẹ̀ ká tó sin Ọlọ́run, kò sí ẹni tó máa dìde. Ọlọ́run rí ewu náà lára Pọ́ọ̀lù, kò sì dá a dúró. Ẹ̀gún ló fi sí i lára kó má bàa gbé ara rẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ló rí gbà (2 Kọ́ríńtì 12:7-9). Àwọn kan nínú wa ní irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀, a sì ń gbàdúrà lòdì sí ohun tó ń ṣọ́ wa.

Ṣùgbọ́n bí ìgbéraga náà bá ti ń pa ẹlòmíràn lára, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti ń sá nítorí yín, tí ẹ kò sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ lọ bá aṣáájú yín, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bá yín pinnu ìgbà tí ẹ máa fi sinmi. Ẹ má fúnra yín dìde kéde rẹ̀ níwájú ìjọ; ìyẹn náà lè di àṣehàn.

Pétérù fọ́nnu pé bí gbogbo ènìyàn bá kọsẹ̀, òun kò ní kọsẹ̀ (Mátíù 26:33). Lẹ́yìn tó sẹ́ Olúwa tán, Jésù kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì ń ní kó bọ́ àgùntàn òun (Jòhánù 21:15-17). Lọ́tẹ̀ yìí, Pétérù kò fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni nínú ìdáhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ẹ fi ọ̀rọ̀ gún lọ́kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹlòmíràn, kódà bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ níṣẹ́.